Wọ́n ní ímeèlì lásán ni mo máa dáhùn, owó ẹlòmíì wá já sínú àkáǹtì mi

Adùkẹ́, Leeds
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ta ló wà lójú? Ẹ gbà mí o. Mo rí iṣẹ́ àtilé ṣe kan, wọ́n ní kí n sáà máa dáhùn ímeèlì àwọn oníbàárà ni, kò sí fóònù, kò sí pé mò ń jáde. Orí Telegram ni wọ́n ti fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò, n ò rí ojú ẹnì kankan. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá wọ́n ní mo ti wọlé. Láàárọ̀ yìí mo jí, mo rí £1,850 nínú àkáǹtì mi. Orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́ kì í ṣe orúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Ọ̀gá wá kọ̀wé pé kí n yọ £150 fún ara mi, kí n fi ìyókù ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹnì kan tó ń kó ọjà fún wọn, kó tó di aago méjì. Àyà mi ń já. Ṣé kí n dá a padà fún ẹni tó fi ránṣẹ́ ni? Físà akẹ́kọ̀ọ́ ni mo wà lórí ẹ̀ o. Tó bá sì jẹ́ jìbìtì, níbo lẹ̀yin ti ń rí ojúlówó irú iṣẹ́ yìí? Owó ilé ti dé tán.

Ìyá Ìbejì, Manchester
Adùkẹ́, má fọwọ́ kàn án. Má yọ kọ́bọ̀ níbẹ̀. Owó tí wọ́n fi jìbìtì gbà lọ́wọ́ ẹlòmíì ni, àkáǹtì rẹ ni wọ́n fẹ́ gbé e gbà kọjá. Ìgbà tí ọlọ́pàá bá tọpasẹ̀ ẹ̀, orúkọ rẹ ni wọ́n á bá níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ tàbí tó fura pé owó olè ni, tó ṣì bá wọn gbé e, òfin ọdún 2002 lè fi í sẹ́wọ̀n tó ọdún 14. Ìwọ sì ti fura báyìí, ìwọ lo kọ ọ́ síbí. Tẹ 159 lórí fóònù rẹ, wọ́n á so ẹ́ pọ̀ mọ́ bánkì rẹ. Nọ́mbà tí àwọn yẹn bá fún ẹ, má pè é.

Bàbá Tóbi, Houston
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Níbí, sọ̀wédowó ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọ́n gbà mí síṣẹ́ ímeèlì báyìí náà, wọ́n fi sọ̀wédowó ránṣẹ́ pé kí n fi ra kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ẹnì kan tí àwọn mọ̀. Mo kó o lọ sí bánkì, owó hàn lọ́jọ́ kejì, mo ní ó ti wọlé nìyẹn. Mo fi ránṣẹ́ sí oníkọ̀ǹpútà wọn. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀, bánkì ní ayédèrú ni, wọ́n sì yọ gbogbo ẹ̀ lára mi. Òfin ló ní kí bánkì tètè jẹ́ ká rí owó ná, kì í ṣe pé wọ́n ti mọ̀ bóyá sọ̀wédowó dáa. Owó tí mò ń tọ́jú láti fi mú ìyàwó mi wá ló bá a lọ. Ọdún yẹn, a ò ríra.

Ẹ̀gbọ́n Peckham, London
Ẹ má kó ọmọ láyà sókè. Kó dá owó padà sí àkáǹtì tó ti wá, kó sì dí àwọn yẹn lọ́nà lórí Telegram. Owó kúrò, ọ̀ràn tán. Tó bá pe bánkì, wọ́n á ti àkáǹtì ẹ̀ pa. Kí ló máa fi san owó ilé?

Akin, Birmingham
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn. Wọ́n ní wọ́n ṣèèṣì san owó fún mi, mo dá a padà ní wéréwéré, mo tún tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. Àkáǹtì tí mo dá a padà sí kì í ṣe èyí tó ti wá, àwọn ló kọ nọ́mbà ẹ̀ fún mi. Ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì pe bánkì tiẹ̀, bánkì tiẹ̀ pe tèmi. Wọ́n ti àkáǹtì mi pa, wọ́n sì fi àmì Cifas, àjọ tí àwọn bánkì fi ń kìlọ̀ jìbìtì fún ara wọn, sí mi lórúkọ. Ọdún 6 ni àmì yẹn ń lò. Bánkì kankan ò gbà mí, fóònù olóṣooṣù ò ṣeé gbà, ibi iṣẹ́ tuntun ní kí n mú àkáǹtì wá, n ò ní. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń bá mi gba owó oṣù nígbà yẹn, ojú sì ń tì mí.

Ẹ̀gbọ́n Peckham, London
Akin, àkáǹtì tí wọ́n kọ fún ẹ lo san án sí. Èmi ní kó dá a padà síbi tó ti wá gan-an. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà.

Ìyá Ìbejì, Manchester
Ọ̀kan náà ni, Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ta ló sọ fún yín pé ẹni tó ni àkáǹtì yẹn kọ́ ni olè? Bó bá sì jẹ́ ẹni tí wọ́n lù ni, bánkì tiẹ̀ lè ti máa fà á padà báyìí. Tí ọmọ yìí bá tún fọwọ́ ara ẹ̀ san án, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa san án, ta ló máa bá a gba ìkejì? Bánkì ni kó gbé owó yẹn. Ọwọ́ ẹ̀ ò gbọdọ̀ sí níbẹ̀ rárá.

Ẹ̀gbọ́n Peckham, London
Ó dáa, mo gbọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ kó owó tirẹ̀ tó wà níbẹ̀ sí àkáǹtì mìíràn kó tó pè wọ́n.

Akin, Birmingham
Rárá o! Owó tí ẹ bá gbé jáde lẹ́yìn tí owó olè ti wọlé, báwo lẹ ṣe fẹ́ ṣàlàyé pé tiyín ni? Kó fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Adùkẹ́, ya fọ́tò gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ lórí Telegram kí wọ́n tó pa á rẹ́. Èmi ò ya tèmi, ìyẹn ló jẹ́ kí ẹjọ́ mi pẹ́. Nígbà tí mo rí díẹ̀ kó jọ, mo kọ̀wé sí bánkì, lẹ́yìn náà sí Cifas, lẹ́yìn náà sí Financial Ombudsman, àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà pẹ̀lú bánkì. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yọ àmì yẹn kúrò.

Adùkẹ́, Leeds
Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an. Mo ti pe 159. Obìnrin tó gbé e sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní mo ṣe dáadáa bí mi ò ṣe fi ránṣẹ́. Wọ́n ti di àkáǹtì náà ná. Ohun mìíràn wà tí mi ò tíì sọ. Mo ti fi pásípọ́ọ̀tù àti share code mi, nọ́mbà tó ń fi hàn pé mo lè ṣiṣẹ́ níbí, ránṣẹ́ sí wọn. Lánàá wọ́n tún ní kí n mú ọ̀rọ̀ ìwọlé àkáǹtì UKVI mi, ibi tí físà mi wà lórí ẹ̀rọ, wá, mi ò tíì fún wọn.

Ìyá Ìbejì, Manchester
Má fún wọn láéláé. Share code iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú W, ọjọ́ 90 ló ń lò, òun àti ọjọ́ ìbí rẹ nìkan ni agbanisíṣẹ́ nílò láti yẹ̀ ẹ́ wò lórí gov.uk. Ọ̀gá iṣẹ́ ò ní ohun tó ń fi ọ̀rọ̀ ìwọlé ṣe. Sọ ti pásípọ́ọ̀tù fún bánkì pẹ̀lú.

Àǹtí Fúnmi, Calgary
SIN, nọ́mbà tí ìjọba Canada fi ń dá òṣìṣẹ́ mọ̀, ni wọ́n gbà lọ́wọ́ tèmi. Tèmi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 9 nígbà yẹn, bíi ti gbogbo àwa tí a ò tíì ní ìwé ìgbélùú. Mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù kí n tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ pàápàá. Nígbà owó orí, ìwé dé láti CRA, àwọn agbowó orí Canada, pé mo gba owó iṣẹ́ níbi tí n ò dé rí. Iṣẹ́ tó bá ń béèrè SIN kí wọ́n tó gbà yín, ẹ sá fún un. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ níbí jàre: wákàtí 24 lọ́sẹ̀ ni tiwa láti Oṣù Kọkànlá 2024, tí ẹ bá sì ń ti ilé ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ tó wà ní òkèèrè, wọn ò kà á mọ́ ọn.

Ẹ̀gbọ́n Peckham, London
Calgary tí èèyàn ń wa yìnyín kó tó rí ilẹ̀kùn ilé ara ẹ̀? Ẹ fi wákàtí 24 yín sílẹ̀ síbẹ̀ fún wa.

Bísí, Leicester
Iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe jẹun, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Èyí tí kò ní wàhálà tí gbogbo èèyàn ń wá yẹn, mi ò rí i rí. Zendesk ni wọ́n ń lò níbi iṣẹ́ mi, Freshdesk làwọn kan ń lò. Gbogbo ímeèlì tó bá wọlé á di ticket, wọ́n á tò tẹ̀lé ara wọn, aago á sì máa ka ìgbà tí o fi pẹ́ kí o tó dáhùn. Ìdáhùn tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ wà, macro là ń pè é. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló ń dáhùn àwọn tó rọrùn báyìí. Èyí tó ń dé ọwọ́ wa ni ti ẹni tí ẹrù ẹ̀ sọnù, ẹni tí wọ́n yọ owó ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tó ti kọ̀wé títí tó ti sú u. Ọ̀gá á mú díẹ̀ nínú ìdáhùn wa kà, á fún wa ní máàkì. Mo fẹ́ràn ẹ̀ o. Inú mi ń dùn tí ẹni tó fi ìbínú bẹ̀rẹ̀ bá parí ẹ̀ pẹ̀lú ọpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó rò pé òun á máa sùn sí i ò ní pẹ́ níbẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń wá a, ẹ tẹ customer support, correspondence officer, caseworker, admin assistant. Tí ẹ bá tẹ "email job", àwọn oníjìbìtì lẹ máa bá pàdé. Ẹ lọ wo Civil Service Jobs, ìkànnì iṣẹ́ ìjọba, pẹ̀lú: ọmọ Commonwealth ni wá, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ibẹ̀ ló ṣí sílẹ̀ fún wa tí físà wa bá gbà wá láàyè. Ipò AO, ìyẹn Administrative Officer, ni kí ẹ wò. Kì í ṣe àtilé pátápátá o, láti òpin 2023 ni wọ́n ti ní kí wọ́n máa lo ìdá 60 nínú 100 àkókò iṣẹ́ ní ọ́fíìsì. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ sanwó kí òun tó bá yín wá iṣẹ́, òfin ọdún 1973 ò gbà á láyè ní ìlú yìí.

Káyọ̀dé, Bristol
Ẹ jọ̀ọ́, èyí tó ń fún èèyàn ní sponsorship, tí ọ̀gá iṣẹ́ fi ń bá a gba físà, ńkọ́? Èmi tí mo wà lórí físà care, tí ìyàwó mi sì bá mi wá gẹ́gẹ́ bíi dependant, ṣé mo lè máa fi ìdáhùn ímeèlì kún un lálẹ́?

Bísí, Leicester
Kò sí sponsorship níbẹ̀. Láti 22 Oṣù Keje 2025, iṣẹ́ tó bá tó ti ẹni tó gboyè yunifásítì ni wọ́n ń fẹ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, owó ọdún £41,700 sì ni ìpìlẹ̀ ẹ̀. Ẹni tó bá ń ta CoS, ìwé tí ọ̀gá iṣẹ́ ń fúnni láti fi gba físà, fún iṣẹ́ ímeèlì, jìbìtì ló ń tà. Iṣẹ́ ímeèlì ò sí lára iṣẹ́ kejì tí wọ́n gbà fún ìwọ náà. Ìyàwó rẹ tó wà lórí físà dependant lè ṣe é dáadáa.

Ìyá Ìbejì, Manchester
Adùkẹ́, ìwé tí wọ́n ní kí o fọwọ́ sí yẹn, ṣé ó ní self-employed tàbí contractor? Bó bá ní bẹ́ẹ̀, ká tiẹ̀ ní ojúlówó ni, físà akẹ́kọ̀ọ́ ò gbà á. Ẹni tó máa yọ owó orí rẹ láti ibi iṣẹ́ lo nílò. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ń lọ, wákàtí 20 láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Àìkú, àpapọ̀ gbogbo iṣẹ́ tí o bá ń ṣe.

Akin, Birmingham
Ẹni tó ń ṣe másítà sì wà nínú 20 yẹn títí kan ẹ̀ẹ̀rùn tó fi ń kọ dissertation. Wọ́n ń gbàgbé èyí, ó sì ń dun èèyàn. Wo yunifásítì rẹ: lóṣù Kẹjọ tí èsì A-level bá jáde, wọ́n máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́ láti dáhùn fóònù àti ímeèlì Clearing, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń pín àyè tó ṣẹ́kù.

Adùkẹ́, Leeds
Contractor ló wà níbẹ̀. Mi ò mọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n oṣù Kẹjọ jìnnà, ẹ̀gbọ́n. Èyí tó wà fún wákàtí 20, láti ilé, nísinsìnyí ńkọ́?

Àǹtí Fúnmi, Calgary
Adùkẹ́, ṣé o lẹ́nì kan ní Leeds? Iṣẹ́ àtilé ní ti ẹ̀ lára. Nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀, mo máa ń dáhùn èèyàn láti àárọ̀ di alẹ́, síbẹ̀ n ò gbọ́ ohùn ẹnì kankan. Mo máa ń pe màmá mi kí n sáà gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bá aládùúgbò jà lórí omi.

Bàbá Tóbi, Houston
Ariwo ilé ni tèmi. Kí òjò máa rọ̀ lórí páànù, kí ẹnì kan máa kígbe pé kí wọ́n ká aṣọ. Houston ní òjò tó pọ̀ o, ṣùgbọ́n a kì í gbọ́ ọ nínú ilé.

Ẹ̀gbọ́n Peckham, London
Ẹ wá sí Peckham, ẹ̀ẹ́ gbọ́ ariwo. Mi ò tíì rìn dé ibùdókọ̀ lọ́jọ́ kan kí wọ́n má fi Yorùbá kí mi.

Ìyá Ìbejì, Manchester
Ẹ̀gbọ́n, owó ilé Peckham ni ariwo tí àwa ń gbọ́ láti Manchester níbí.

Ẹ̀gbọ́n Peckham, London
Manchester tí òjò ò jẹ́ kí aṣọ gbẹ! Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọ yìí ná. Adùkẹ́, ohun tí mo sọ lákọ̀ọ́kọ́ yẹn, má tẹ̀lé e. Lọ sí ọ́fíìsì akẹ́kọ̀ọ́ lọ́la kó o béèrè owó ìrànwọ́, ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ní in. Kọ iye owó ilé rẹ àti ọjọ́ tí wọ́n máa gbà á sí mi níkọ̀kọ̀.

Akin, Birmingham
Èmi náà á dá sí owó ilé yẹn.

Adùkẹ́, Leeds
Ọlọ́run á san án fún yín. Ẹ̀gbọ́n Bísí, ṣé ibi iṣẹ́ tiyín ń gba ẹni tí kò ní ju wákàtí 20 lọ?

Káyọ̀dé, Bristol
Ẹ dákun, ìyàwó mi tó jẹ́ dependant yẹn, ibo ló ti máa bẹ̀rẹ̀?