Ẹ̀tọ́ wa lábẹ́ ìwé òfin Amẹ́ríkà: ẹ sọ ohun tí ojú yín ti rí

Láti Houston

Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Ìdí tí mo fi dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ni pé mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wa, pàápàá àwọn tí ìwé ìgbélùú wọn kò tí ì pé, pé ẹ̀tọ́ tó wà nínú ìwé òfin Amẹ́ríkà kò kan àlejò. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Àtúnṣe kẹrìnlá, èyí tí wọ́n fi kún ìwé òfin náà ní ọdún 1868, sọ pé ìpínlẹ̀ kankan kò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀mí, òmìnira tàbí dúkìá ẹnikẹ́ni láìtẹ̀lé ìlànà òfin, kò sì ya àlejò sọ́tọ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 1886, ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà kan tó ń fi aṣọ fífọ̀ jẹun ní San Francisco, tí wọ́n mọ̀ sí Yick Wo, gbé ọ̀ràn rẹ̀ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, nítorí pé àwọn aláṣẹ ìlú kọ̀ láti fún òun àti àwọn ará Ṣáínà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìwé àṣẹ, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń fún àwọn tí kì í ṣe ará Ṣáínà, tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ kan náà nínú irú ilé pákó kan náà. Kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, síbẹ̀ ó jàre.

Ohun tó ń pa wá lára jù, lójú tèmi, ni pé a kì í fẹ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ti kọ́ wa láti kékeré pé ẹni tó bá wọ aṣọ ìjọba, ohùn pẹ̀lẹ́ là ń fi dá a lóhùn, a kì í sì í wò ó lójú kọ ohun tó bá béèrè. Ẹ̀kọ́ náà dára, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n ní ìlú yìí, ẹni tó bá ti ìtìjú gba ohun tí òfin kò mú un ní dandan láti gbà, adájọ́ lè kà á sí pé òun fúnra rẹ̀ ló yọ̀ǹda.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo ń ti Dallas bọ̀ lójú ọ̀nà I-45 nígbà tí ọlọ́pàá kan dá mi dúró pé táyà mi tẹ ìlà ẹ̀gbẹ́ títì. Mo tan iná inú ọkọ̀, mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí ìdarí ọkọ̀, mo sì fún un ní ìwé ìwakọ̀ àti ìwé ìdójútòfò nígbà tó béèrè. Ó ní kí n sọ̀kalẹ̀, mo sọ̀kalẹ̀, nítorí pé láti ọdún 1977, nínú ẹjọ́ Pennsylvania àti Mimms, ni òfin ti gbà á láyè pé kí ọlọ́pàá ní kí awakọ̀ jáde. Ó yẹ ìwé mi wò, ó kọ ìwé ìkìlọ̀ fún mi, ó sì yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ìgbà náà ló tan tọ́ọ̀ṣì sórí àpò gààrí àti kẹ́ẹ̀gì epo pupa tó wà lórí àga ẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Ó dá mi lójú pé o kò ní bínú bí mo bá yọjú wo búùtù yìí fìrí?”

Ẹ wo bó ṣe gbé ìbéèrè náà kalẹ̀. Ẹni tí wọ́n tọ́ bí wọ́n ṣe tọ́ mi, “kò burú, sà” ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti sọ ní ọdún 1973, nínú ẹjọ́ Schneckloth àti Bustamonte, pé kò pọn dandan kí ọlọ́pàá sọ fún èèyàn pé ó lè kọ̀. Mo dá a lóhùn pé, “Ọ̀gá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mi ò gbà kí ẹ yẹ ọkọ̀ mi wò. Ṣé mo lè máa lọ?” Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ní kí n dúró de ọlọ́pàá mìíràn tó ń mú ajá tó ń gbóòórùn oògùn olóró bọ̀. Mo tún béèrè, láìgbé ohùn sókè, bóyá ìdí mìíràn wà tó fi dá mi dúró yàtọ̀ sí ti ìlà títì. Ó lọ jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó padà, ó dá ìwé mi fún mi, ó sì ní kí n máa lọ.

Ẹjọ́ Rodriguez ti ọdún 2015, tó ti ìpínlẹ̀ Nebraska wá, ló wà lọ́kàn mi ní gbogbo ìgbà tí mo fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì yẹn. Ọlọ́pàá ti fún ọkùnrin náà ní ìwé ìkìlọ̀ tán kó tó dá a dúró fún ìṣẹ́jú méje sí mẹ́jọ sí i nítorí ajá. Wọ́n rí oògùn olóró nínú ọkọ̀ rẹ̀ o, síbẹ̀ Adájọ́ Ruth Bader Ginsburg kọ ọ́ sínú ìdájọ́ náà pé bí iṣẹ́ tí ọlọ́pàá torí rẹ̀ dá ọkọ̀ dúró bá ti parí, àṣẹ rẹ̀ láti dá a dúró parí pẹ̀lú, àyàfi tí ohun kan tó ṣeé tọ́ka sí bá fa ìfura. Àtúnṣe kẹrin, tó ti wà láti ọdún 1791, tó ka dídá èèyàn dúró àti títú ẹrù rẹ̀ láìnídìí léèwọ̀, ni ìdájọ́ náà dúró lé lórí. Ẹ̀yin náà, ẹ sọ tiyín.

Láti Baltimore

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, nítorí pé ohun tó gbà yín lójú títì lè má gba èèyàn ní pápákọ̀ òfurufú, ó sì yẹ kí àwọn ará wa mọ ìyàtọ̀ náà kí wọ́n tó wọkọ̀ òfurufú.

Ó ti pẹ́ tí mo ti di ọmọ onílẹ̀ níhìn-ín. Nígbà tí mo ń ti Èkó bọ̀ níbi ìsìnkú ìyá mi, aṣọ́bodè kan mú mi wọ yàrá kejì, ó tú àpótí mi dé orí ìró tí mo fi di ẹ̀gúsí, ó sì ní kí n ṣí fóònù mi. Mo sọ fún un pé ní ọdún 2014, nínú ẹjọ́ Riley, gbogbo adájọ́ mẹ́sàn-án ló fohùn ṣọ̀kan pé ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kó tó tú fóònù ẹni tó bá mú. Ó dá mi lóhùn pé ẹnubodè la wà, kò sì purọ́. Ní ẹnubodè, wọ́n lè tú ẹrù èèyàn láìsí ìwé àṣẹ adájọ́, bí ìfura bá sì wà, agbára wọn tún ga ju bẹ́ẹ̀ lọ: ní ọdún 1985, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá wọn láre lórí obìnrin kan tó ti Bogotá wọ Los Angeles, ẹni tí wọ́n fura sí pé ó gbé oògùn olóró mì, tí wọ́n sì dá dúró fún wákàtí 16 kí wọ́n tó lọ bá adájọ́.

Mo sọ fún un pé mi ò ní ṣí fóònù náà. Ó gba fóònù náà lọ́wọ́ mi, ó fún mi ní ìwé ẹ̀rí pé ó wà lọ́wọ́ wọn, ó sì jẹ́ kí n wọlé, nítorí pé wọn kò lè lé ọmọ onílẹ̀ padà torí fóònù. Inú fóònù yẹn ni àwòrán ìyá mi lórí ìtẹ́ wà, gbogbo ìgbà tí kò fi sí lọ́wọ́ mi ni ọkàn mi kò balẹ̀, ó sì ń bí mi nínú títí di òní pé àjèjì kan lè mú un lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n dá a padà nígbẹ̀yìn. Ẹ̀yin tí ẹ bá fi físà wọlé, ẹ fi sọ́kàn pé ẹ kò ní irú ààbò tí mo ní lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá kọ̀, wọ́n lè ní kí ẹ padà síbi tí ẹ ti wá.

Láti Miami

Èmi àti àwọn ọmọ Kúbà la jọ ń sin Ọbàtálá níhìn-ín, nítorí náà àtúnṣe àkọ́kọ́, èyí tó dáàbò bo ẹ̀sìn, ló kàn mí gbọ̀ngbọ̀n jù. Lọ́jọ́ tí a ń ṣe ìdóṣù fún ọmọ òrìṣà kan, aládùúgbò gbọ́ igbe ewúrẹ́, ó pe ọlọ́pàá. Méjì ni wọ́n, wọ́n sì fẹ́ wọlé. Olórí ilé wa, àgbàlagbà ọmọ Kúbà tó wọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀, dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn nẹ́ẹ̀tì kó má baà ṣí, ó sì béèrè ìwé àṣẹ adájọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọn kò mú un wá. Ó ní kí wọ́n lọ bi agbẹjọ́rò ìjọba ìlú léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Hialeah. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi, wọ́n sì lọ.

Hialeah kò jìnnà sí wa. Ní ọdún 1987, Ernesto Pichardo àti ìjọ olórìṣà tó ń darí, tó ń jẹ́ Lukumi Babalu Aye, gba ilẹ̀ níbẹ̀ láti fi kọ́ ilé ìjọsìn ní gbangba, kò sì pẹ́ tí ìgbìmọ̀ ìlú fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe òfin lé òfin lórí pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ẹran rúbọ. Wọ́n kọ àwọn òfin náà lọ́nà tó jẹ́ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má kan ẹlòmíràn yàtọ̀ sí àwọn olórìṣà: ọdẹ lè pa ẹran, apẹja lè pẹja, bí àwọn Júù ṣe ń pa ẹran tiwọn kò sì sí nínú ohun tí wọ́n kà léèwọ̀. Ìjọ náà pàdánù nílé ẹjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n tún pàdánù nílé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, kó tó di pé ní ọjọ́ 11, oṣù kẹfà, ọdún 1993, gbogbo adájọ́ mẹ́sàn-án ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá wọn láre.

Mo ka ìdájọ́ náà fúnra mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni Adájọ́ Anthony Kennedy ti ṣàlàyé pé àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà, tí iye wọn pọ̀ lọ́pọ̀ ọ̀kẹ́, ló gbé ẹ̀sìn náà débẹ̀. Omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo rí orúkọ ìran wa níbẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé bí ìlú bá ṣe òfin ìmọ́tótó tàbí òfin tó ka ìwà ìkà sí ẹranko léèwọ̀, tí ó sì kan gbogbo ènìyàn bákan náà, ó kan àwa náà. Olórí ilé wa kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da òkú ẹran síta.

Láti Houston

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin méjèèjì. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tí bàbá yẹn fi tẹ ilẹ̀kùn rán mi létí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ọlọ́pàá fi fóònù pè pé kó wá bá wọn sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì wọn nípa ìjà kan tó ṣẹlẹ̀ ní ibi àríyá. Ó ní òun yóò lọ, òun yóò kàn dákẹ́ bí ìbéèrè bá le. Mo sọ fún un pé dídákẹ́ lásán lè ṣàìtó. Nílùú Houston wa níhìn-ín ni ẹjọ́ Salinas ti bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá ọlọ́pàá, tó ń dáhùn ìbéèrè, tó sì dákẹ́ nígbà tí wọ́n dé orí ọ̀rọ̀ ìbọn. Wọ́n fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ta kò ó nílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì fọwọ́ sí i ní ọdún 2013, nítorí pé kò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ẹ̀tọ́ òun lábẹ́ àtúnṣe karùn-ún, èyí tó ní kí a má fipá mú ẹnikẹ́ni jẹ́rìí ta ko ara rẹ̀, lòun ń lò. Mo kọ gbólóhùn náà fún ọmọ náà sórí bébà, pé òun kò ní dáhùn ìbéèrè kankan láìsí agbẹjọ́rò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ó pe ọlọ́pàá náà padà, ó kà á fún un bó ṣe wà, ó sì fún un ní nọ́ńbà agbẹjọ́rò rẹ̀.