Iná ọyẹ́ tó jó oko kajú wa ní Òkè-Ògùn: kí ló ń fà á, kí ni a lè ṣe sí i?

ỌmọOníkajú béèrè:

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Oko kajú éékà mẹ́rin tí bàbá mi gbìn láàárín Ṣakí àti Àgọ́ Àrẹ jóná ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kejì tó kọjá yìí. Àwọn igi náà ti pé ọdún mẹ́sàn-án. Òdòdó ti bo ọ̀pọ̀ nínú wọn, èso ti ń so lórí àwọn tó tètè yọ òdòdó, bàbá mi sì ti gba owó sílẹ̀ lọ́wọ́ oníṣòwò kan tó fẹ́ ra kóró rẹ̀. Ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán ni a rí èéfín. Kí a tó sáré débẹ̀, iná ti gba inú ẹkan àti ewé Akíntọ́lá ẹ̀bá ọ̀nà wọlé, ó sì ń jó lọ lórí ewé kajú gbígbẹ tó tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní. Àwa mẹ́fà gé ẹ̀ka tútù, a ń fi lù ú, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń pa á lẹ́sẹ̀ wa ni ọyẹ́ ń gbé màjàlà tó ṣì pọ́n fò kọjá lórí wa, tí iná mìíràn sì ń ràn níwájú. Nígbà tí mo padà lọ ní ọjọ́ kejì, èèpo àwọn igi náà ti dúdú kọjá orí mi, oje ń sun lára wọn, mo sì rí karawun ahun kan ní ìdí igi kan, ahun náà ti kú sínú rẹ̀.

Àwọn kan ní ọdẹ tó ń wá ọ̀yà ló dáná náà, àwọn kan ní darandaran ni, àwọn mìíràn sì ń nawọ́ sí aládùúgbò oko wa tó ń sun ilẹ̀ tó fẹ́ fi gbin iṣu. A kò rí ẹnikẹ́ni mú, n kò sì fẹ́ ka ẹ̀ṣẹ̀ sí ẹni tí n kò fojú rí lọ́rùn. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ìdí tí iná yìí fi ń jà lọ́dọọdún lágbègbè wa, bóyá ó yẹ kí ìjọba fi òfin de iná dídá sí igbó pátápátá, àti bóyá àwọn igi wa ṣì lè yè. Ọ̀rọ̀ náà ti pa bàbá mi lẹ́nu mọ́. Kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ dáadáa láti ọjọ́ náà.

Aṣọ́gbóTẹ́lẹ̀ dáhùn:

Ọmọ mi, bá mi kí bàbá rẹ kú òfò. Olúwa yóò fi òfò ra ẹ̀mí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣọ́ igbó ọba kí n tó fẹ̀yìn tì, ohun tí ojú mi sì rí fi yé mi pé iná tó ń jó ọ̀dàn wa láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àfọwọ́fà ènìyàn tán pátápátá. Àrá kì í sán lásìkò ọyẹ́. Ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ń bọ̀, ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, ni àrá máa ń sán, òjò a sì máa tẹ̀ lé e. Nítorí náà, bí igbó bá jó ní oṣù kejì, ènìyàn ló ṣáná sí i.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó ṣáná ló ní èrò ibi lọ́kàn. Àgbẹ̀ ń sun pàǹtí oko rẹ̀, ọdẹ ń fi iná lé ọ̀yà jáde kúrò nínú eèsún, darandaran ń sun koríko gbígbẹ kí ọ̀tun lè hù fún màlúù, ẹni tó fi èéfín lé oyin kúrò nínú ihò igi a fi ògùṣọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ẹni tó ń sun èédú a sì rò pé òun ti fi erùpẹ̀ bo ibi tí òun ti sun ún dáadáa. Ní Òkè-Ògùn tí èédú ti di òwò ńlá, mo ti rí iná tó ti inú irú erùpẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde ní ọjọ́ kẹta tí onítọ̀hún ti kó èédú rẹ̀ lọ.

Ní ti òfin, òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò ní Gúúsù Nàìjíríà ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tipẹ́tipẹ́ pé kí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ dáná sun irè oko. Ìdí ọ̀rọ̀ yẹn, mímọ̀ọ́mọ̀, ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹni tí iná bọ́ mọ́ lọ́wọ́ kò mọ̀ọ́mọ̀, òun gan-an ló sì pọ̀ jù. Ohun tó jẹ èmi lọ́kàn ju òfin lọ ni àkókò tí iná ń jó. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ igbó ní Jẹ́ríkò, Ìbàdàn, wọ́n kọ́ wa ní ohun kan tí n kò gbàgbé rí nípa igbó ọba Olókèméjì, èyí tó wà láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Ní 1929, àwọn òṣìṣẹ́ igbó ya ilẹ̀ ọ̀dàn kan sọ́tọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì pín in sí mẹ́ta. Wọ́n ń sun apá kan ní ìparí oṣù kẹta lọ́dọọdún, nígbà tí ohun gbogbo ti gbẹ kanranjangbọn. Wọ́n ń sun apá kejì ní oṣù kejìlá, nígbà tí ọ̀rinrin ṣì kù ní ìdí koríko. Wọn kò sì jẹ́ kí iná kan apá kẹta rárá. Nígbà tí wọ́n ka àwọn igi ibẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, apá tí iná kò kàn ti di igbó, òjìji igi ti pa koríko ibẹ̀. Apá tí wọ́n ń sun ní oṣù kẹta ṣì jẹ́ ọ̀dàn tí koríko rẹ̀ ga. Èyí tí wọ́n ń sun ní oṣù kejìlá wà láàárín méjèèjì, igi rẹ̀ sì pọ̀ ju ti oṣù kẹta lọ. Òjò kan náà ló ń rọ̀ sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń tọ́jú igbó ẹranko ní ilẹ̀ ọ̀dàn fi máa ń sun lára koríko ibẹ̀ fúnra wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, kí iná tó bá dé nígbẹ̀yìn má baà rí nǹkan púpọ̀ jẹ. Ẹ wo igbó ìjọba àpapọ̀ tó yí ahoro Ọ̀yọ́-Ilé ká, tó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó: mélòó ni aṣọ́gbó tí yóò lè dúró sí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀? Bí a bá ní kí iná má jó ọ̀dàn rárá, a kàn ń tọ́jú koríko pamọ́ de iná oṣù kẹta ni.

ÌyáOlóòrí dáhùn:

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ̀kọ́ ni ọ̀rọ̀ yín jẹ́ fún mi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gba ẹnu àwa obìnrin tó ń ṣe òrí ní apá Kìṣí sọ̀rọ̀ díẹ̀. Igi emi ń yọ òdòdó láti bí oṣù kejìlá wọ oṣù kejì, nígbà tí ewé rẹ̀ ti wọ́. Iná kì í sábà pa emi tó ti dàgbà, nítorí pé èèpo rẹ̀ nípọn, ṣùgbọ́n ooru iná tó bá gba abẹ́ rẹ̀ kọjá yóò rẹ òdòdó rẹ̀ dànù, yóò sì pa àwọn ọ̀dọ́ igi tó ń hù bọ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹnikẹ́ni kì í gbin emi. Èyí tó bá hù fúnra rẹ̀ tí àgbẹ̀ sì dá sí ni à ń ṣa èso rẹ̀. Bí ẹ bá ní oṣù kejìlá ni kí gbogbo ènìyàn máa sun koríko, ní oṣù kẹfà tí a bá gbé agbọ̀n jáde ni àwa yóò mọ̀ ọ́n lára. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kó jẹ́ oṣù kọkànlá, nígbà tí orí koríko bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n.

Ọ̀rọ̀ mi kejì ni owó iṣẹ́, mo sì rí i pé kò sẹ́ni tó mẹ́nu kàn án. Ẹni tí kò lówó láti fi bẹ lébìrà ni iná ń bá ṣiṣẹ́. Láyé àwọn bàbá wa, ọ̀wẹ̀ àti àáró ni wọ́n fi ń ṣán oko, ogún ọkùnrin lè wọ inú oko kan ní òwúrọ̀ kan ṣoṣo. Àwọn tó yẹ kó gbé àdá lónìí ti lọ ń gun ọ̀kadà ní Ìbàdàn àti Èkó. Opó tó ní éékà kan, tí koríko rẹ̀ ga jù ú lọ, ìṣáná ló kù sí i lọ́wọ́. Bí ìjọba bá wá ṣòfin pé kó má ṣáná, tí kò sì sí ẹni tí yóò bá a ṣán koríko náà, ohun tí òfin ń sọ fún un ni pé kó má dáko mọ́. A máa ń sọ pé ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀, ṣùgbọ́n iná oko kò rí bẹ́ẹ̀: ẹni tó dá a á ti délé, á ti jókòó ti oúnjẹ, kó tó di pé iná náà dé oko ẹni ẹlẹ́ni.

ÈròKumasi dáhùn:

Ẹ kú ọ̀rọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ghana ni wọ́n bí mi sí, bàbá mi wà lára àwọn Yorùbá díẹ̀ tí kò bá àwọn tí ìjọba ibẹ̀ lé ní 1969 padà sílé. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí ọ̀dá 1982 wọ 1983. Iná tó jà nínú ẹ̀ẹ̀rùn náà jó oko kòkó lọ rẹrẹẹrẹ. Ọjọ́ mélòó kan wà tí oòrùn yọ lórí Kumasi tó pupa bí epo, tí a sì ń gbá màjàlà kúrò lójúde ní àràárọ̀. Orílẹ̀-èdè tó ń kórè kòkó tó ju 500,000 tọ́ọ̀nù lọ ní 1964 sí 1965 kórè nǹkan bí 160,000 péré ní 1983 sí 1984. Iná nìkan kọ́ ló fà á, nítorí pé owó tí wọ́n ń san fún àgbẹ̀ ti kéré tipẹ́, igi sì ti gbó. Ṣùgbọ́n iná ló fọba lé e. Oṣù kìíní 1983 yẹn gan-an ni Nàìjíríà lé àwọn ọmọ Ghana tó tó nǹkan bí mílíọ̀nù kan padà sílé, ọ̀pọ̀ wọn sì bá eérú lóko baba wọn.

Ní ọdún náà ni ìjọba Ghana gbé òfin iná igbó jáde, wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní 1990. Mo ń sọ èyí fún ẹni tó béèrè bóyá òfin lè tó: iná kò kúrò ní Ghana, pàápàá ní apá àríwá, títí di òní. Ohun tí mo rí tó wúlò nínú òfin kejì ni pé ó fi àyè sílẹ̀ kí ìlú kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ ayọ̀ǹda-ara-ẹni tí yóò máa ṣọ́ iná, àwọn panápaná sì ń kọ́ wọn níṣẹ́. Ní abúlé tí mo ti ń dáko báyìí, ẹni tó bá fẹ́ sun oko yóò sọ fún olórí ẹgbẹ́ náà ní ọjọ́ kan ṣáájú, wọn yóò lu agogo kí àwọn tó múlé gbè é lè gbọ́, ọkùnrin mẹ́rin yóò sì dúró tì í pẹ̀lú páńpù tí a fi ń fọ́n oògùn sí kòkó, omi lásán ló wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tí kò bá sọ, tí iná rẹ̀ sì wọ oko ẹlòmíràn, baálẹ̀ ni yóò dá a lẹ́jọ́, kì í sì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi ń yanjú, nítorí pé gbogbo ayé ló mọ ẹni tó lu agogo lánàá àti ẹni tí kò lù ú.

ỌmọOníkajú tún kọ̀wé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ka àwọn ìdáhùn yìí sí bàbá mi létí lálẹ́ àná. Ó ní kí n tún ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ agogo kà. Ó fẹ́ bá baálẹ̀ sọ ọ́ kí òjò tó dá, ó sì ní a kò gbọdọ̀ ṣe ìpàdé náà láìpe Séríkí Fúlàní àti olórí ọdẹ, nítorí pé bí a bá ṣèpàdé lẹ́yìn wọn, ẹ̀sùn ni yóò dà létí wọn. Ó kù kí n mọ nǹkan méjì: ṣé kí a gé àwọn igi náà ni, báwo sì ni ilẹ̀ tí a ó ro yí oko ká ṣe yẹ kó fẹ̀ tó, nígbà tí oko wa wà lára gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè?

Aṣọ́gbóTẹ́lẹ̀ dáhùn:

Inú mi dùn pé bàbá rẹ sọ̀rọ̀. Ìyá wa tó ń ṣe òrí ti tún èrò mi ṣe, mo sì gbà pé oṣù kọkànlá ló yẹ ní ibi tí emi bá pọ̀ sí.

Ẹ má tíì gé igi kankan. Fi ọ̀bẹ ha èèpo ara igi kọ̀ọ̀kan díẹ̀, láti òkè wá sísàlẹ̀: ibi tí abẹ́ rẹ̀ bá tutù tó sì ní àwọ̀ ewé, ẹ̀mí ṣì wà níbẹ̀; ibi tó bá gbẹ tó pọ́n rúsúrúsú ti kú. Ẹ dúró di ìgbà tí òjò bá ti rọ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, nítorí pé kajú tó dà bí ẹni pé ó ti kú a máa rúwé láti ara ìtì rẹ̀, nígbà náà ni kí ẹ wá gé ẹ̀ka tó kú kúrò.

Ní ti ilẹ̀ ríro, nínú koríko gíga, n kò lè fọkàn balẹ̀ bí kò bá tó mítà mẹ́fà. Iná ń sáré gun òkè ju bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lọ, nítorí náà, apá ìsàlẹ̀ oko ni kó fẹ̀ jù, àti apá àríwá ìlà-oòrùn tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá. Bí agbára yín kò bá gbé e, ẹ ro ọ̀nà tóóró méjì tí àyè mítà mẹ́wàá wà láàárín wọn, kí ẹ sì sun koríko àárín náà ní oṣù kọkànlá. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ṣe é, nígbà tí atẹ́gùn bá ti rọlẹ̀, ẹ sì dáná náà ní ìhà tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ, kó lè máa dojú kọ atẹ́gùn padà díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbá ewé kajú gbígbẹ kúrò ní ìdí igi tó wà létí oko. Ẹni tí yóò kẹ́yìn kúrò níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ súnmọ́ eérú ibẹ̀ káàkiri. Bó bá ṣì ń gbóná, kó bomi sí i, kó sì dúró.