Lórí "ẹgbẹ́", "gbùngbùn" àti "ariwo" fún DBSCAN

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí àbá ọ̀rọ̀ Yorùbá mẹ́ta fún DBSCAN, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń kó àwọn àmì (ìsọfúnni kọ̀ọ̀kan) tó sún mọ́ra jọ: "ẹgbẹ́" fún àwọn àmì tó ṣù jọ (cluster), "gbùngbùn" fún core, "ariwo" fún àmì tí kò bá èyíkéyìí lọ (noise). Ẹni tó dá a lábàá ṣiṣẹ́, àmọ́ n kò lè gba ìkankan nínú wọn.

Gbùngbùn ló burú jù. Ester, Kriegel, Sander àti Xu, tí wọ́n gbé ọ̀nà yìí jáde ní Jámánì lọ́dún 1996, kò wá ààrín kankan. Nǹkan méjì la ń sọ fún kọ̀ǹpútà: bí agbègbè àmì kọ̀ọ̀kan ṣe fẹ̀ tó (eps), àti iye àmì tó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ (MinPts). Àmì tí iye yẹn bá pé ní agbègbè rẹ̀, òun alára náà wà nínú kíkà, ni core. Bí core kan bá bá òmíràn ní agbègbè rẹ̀, wọ́n ti di ọ̀kan náà nìyẹn, á sì máa ràn lọ bẹ́ẹ̀. Core lè tó ẹgbẹ̀rún níbì kan, kí gbogbo wọn tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, kí ààrín ṣófo. K-means, ọ̀nà ìkójọ mìíràn, ló ń wá ààrín, ó sì máa ń gé irú ìrísí bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. "Òpó" ni tèmi fún core: ilé kan, òpó púpọ̀. Àmì tó wà ní agbègbè òpó, àmọ́ tí iye àmì tó wà ní agbègbè tirẹ̀ kò pé, ẹ jẹ́ ká pè é ní "ará etí". Ó lè wà létí ilé méjì. Ilé tó bá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ni ín.

Ẹgbẹ́ ńkọ́? Èèyàn ló ń wọ ẹgbẹ́, tó ń san owó oṣù. A kúkú ti ní ìṣùpọ̀ ìràwọ̀. "Ìṣùpọ̀" ti tó.

Ní ti ariwo, ta ló pariwo? Àmì náà kàn dá wà ni. Ẹni tó ń wá jìbìtì nínú àkọsílẹ̀ báńkì, irú àmì yẹn gan-an ló ń wá! "Adáwà" ni kí a pè é.

Èyí tó kù ni density fúnra rẹ̀, ìyẹn bí àwọn àmì ṣe sún mọ́ra tó. Ẹnì kan ní "ìki", àmọ́ ẹ̀kọ ló ń ki. Mo ń wo "ìfúnpọ̀", torí a ó nílò rẹ̀ tí a bá dé orí HDBSCAN ti 2013, ẹ̀dà DBSCAN tó dé lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí ìṣùpọ̀ kan ti lè fún ju òmíràn lọ. Kí lẹ rí sí i?