Ìwé òfin ọdún 1999: ṣé kí a tún un ṣe ni, tàbí kí a béèrè fún òmíràn? Ìbéèrè láti Omù-Àrán

Akọ̀wé Omù-Àrán

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa, àwọn àgbà sì ti ní kí n kọ ìwé àbá kan tí a ó fi ránṣẹ́ sí aṣojú wa ní Àbújá lórí àtúnṣe ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Ìpàdé wa ti pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan ní kí a má ṣe dá sí àtúnṣe kankan, nítorí pé ìwé náà ní “àwa ènìyàn” ni a ṣe é fún ara wa, nígbà tí gbogbo wa mọ̀ pé kò sí ẹni tó dìbò lé e lórí. Àṣẹ Ìjọba Ológun nọ́mbà 24 ti ọdún 1999 ni Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar fi gbé e kalẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún náà. Àwọn yòókù ní ilé tí a ń gbé nìyí, pé ibi tó ń jò ni kí a dí. Èmi fúnra mi kò tíì mọ ibi tí n ó dúró sí. Èwo ni ẹ rò pé kí n kọ? Bí ó bá sì jẹ́ àtúnṣe ni, àwọn abala wo ló kan àwa ará gúúsù Kwara jù?

Agbẹjọ́rò, Ìlọrin

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ìṣòro tó dojú kọ àwọn tó ní kí a pa ìwé náà tì ni pé ìwé náà kò sọ ọ̀nà tí a lè gbà pa á tì. Abala 9 ló sọ bí a ṣe ń tún un ṣe: ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé aṣòfin àgbà àti ti ilé aṣojúṣòfin gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 sì gbà á wọlé. Kò sí ibi tí ó ti mẹ́nu kan pé kí gbogbo ará ìlú dìbò lórí odidi ìwé òfin tuntun. Ẹ rántí àpérò àpapọ̀ ọdún 2014, èyí tí aṣojú 492 jókòó sí lábẹ́ Adájọ́ Idris Kutigi. Wọ́n fẹnu kò lórí àbá tó lé ní 600, iṣẹ́ takuntakun ni wọ́n sì ṣe, ṣùgbọ́n wọn kò ní agbára láti sọ ìfẹnukò wọn di òfin.

Bí inú bá ń bí àwọn àgbà yín sí ìpìlẹ̀ ìwé náà, ohun tí wọ́n lè béèrè ni pé kí a fi ọ̀nà ìdìbò gbogbo ará ìlú kún abala 9. N kò ní tàn yín jẹ, yóò le. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan abala 9 fúnra rẹ̀, tàbí abala 8 tó wà lórí dídá ìpínlẹ̀ sílẹ̀, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ni yóò wá nílé méjèèjì, èyí tí í ṣe sẹ́nétọ̀ 88 nínú 109 àti aṣojúṣòfin 288 nínú 360.

Síbẹ̀, àtúnṣe kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Ní oṣù kẹta ọdún 2023 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe 16, lára wọn sì ni èyí tó fún ìpínlẹ̀ ní àṣẹ láti la ojú irin, àti èyí tó jẹ́ kí ìpínlẹ̀ lè pèsè iná mànàmáná kí ó sì pín in, títí kan ibi tí okùn iná ìjọba àpapọ̀ dé.

Akápò tó ti fẹ̀yìn tì, Ọ̀fà

Akọ̀wé, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ káńsù ni kí ó ṣíwájú nínú ìwé yín. Abala 7 sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ tí ará ìlú dìbò yàn dájú, ṣùgbọ́n nínú abala kan náà ni ó ti fi ètò rẹ̀, owó rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀ sábẹ́ òfin tí ìpínlẹ̀ bá ṣe. Nígbà tí ẹ bá dé abala 162, ẹ ó rí i pé inú àkáǹtì àjùmọ̀ní tí ìpínlẹ̀ ń ṣàkóso ni owó gbogbo káńsù ń wọ̀. Mo ti jókòó nídìí ìwé owó ní káńsù kan fún ọdún púpọ̀, mo sì mọ ohun tí àkáǹtì yẹn ń ṣe. Àwọn oṣù kan wà tí ìdajì owó oṣù ni mo san fún àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kékeré tó wà lábẹ́ wa, tí mo sì ń wo ojú wọn nígbà tí wọ́n ń fọwọ́ sí ìwé. Ó ń dùn mí di òní.

Lóòótọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 pé kí owó káńsù máa lọ tààrà sọ́wọ́ káńsù, àti pé ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ìgbìmọ̀ adelé tí gómìnà yàn rọ́pò àwọn tí a dìbò yàn. Inú mi dùn sí ìdájọ́ náà púpọ̀. Àmọ́ abala 162 ṣì wà nínú ìwé bí ó ṣe wà, bẹ́ẹ̀ ni abala 197, tó fi ìdìbò káńsù sọ́wọ́ àjọ tí gómìnà ń yan àwọn ọmọ rẹ̀. Bí ará ìlú kò bá lè fi ìbò lé alága tí kò ṣiṣẹ́ lọ, kí ni àǹfààní owó tó dé ọwọ́ rẹ̀ tààrà?

Ohun kan tún wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Nínú àtúnṣe tí Agbẹjọ́rò mẹ́nu kàn yẹn, àbá òmìnira káńsù dé ọ̀dọ̀ àwọn ìpínlẹ̀. Àwọn ilé aṣòfin tó gbà á kò pé 24, ibẹ̀ ló sì kú sí.

Ọmọ Ìgbómìnà

Mo gbà pẹ̀lú Bàbá Akápò, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n lé kúrò lóko ní Ifẹ́lódùn kò ní fi káńsù ṣáájú. Abala 214 ní iléeṣẹ́ ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni ó gbọ́dọ̀ wà ní gbogbo Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ kò lè dá ọlọ́pàá tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí àwọn agbébọn kọlu àwọn olùjọsìn ní Eruku, ní Kwara wa níbí, lóṣù kọkànlá ọdún 2025, ohun tí èmi ń rò ni pé ìpínlẹ̀ Èkìtì tí kò jìnnà sí wọn ní Amọ̀tẹ́kùn láti ọdún 2020. Àwa kò sí nínú ètò náà, nítorí wọ́n ní Àríwá Àárín Gbùngbùn ni a wà. Ẹ sì wá agbègbè mẹ́fà tí wọ́n pín Nàìjíríà sí yìí títí nínú ìwé òfin, ẹ kò ní rí i. Ohun tí kò sí nínú òfin ni a fi ń pín ààbò.

Agbẹjọ́rò, Ìlọrin

Àbúrò, òótọ́ ni o sọ nípa agbègbè mẹ́fà náà. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nípa ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ni ọ̀gá tí yóò máa pàṣẹ fún un lásìkò ìbò. Bí ẹ ó bá kọ ọ́, ẹ kọ ọ́ pé kí gómìnà má lè dá nìkan yan ọ̀gá ọlọ́pàá náà tàbí yọ ọ́ kúrò.

Akọ̀wé Omù-Àrán

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ ti là mí lójú. Abala 7, 162 àti 197 ni yóò wà lójú ewé àkọ́kọ́, nítorí ọ̀rọ̀ Bàbá Akápò nípa àwọn nọ́ọ̀sì yẹn kò kúrò lọ́kàn mi láti àárọ̀. Ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ yóò tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ààlà tí Agbẹjọ́rò fi sí i. N ó sì fi àbá lórí abala 9 sí ìparí, kí àwọn tí kò fẹ́ àtúnṣe lè rí ohùn tiwọn nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ bí 88 nínú 109 ṣe jìnnà tó.

Èmi ti fẹ́ kọ Àbújá nìkan sára àpò ìwé tẹ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ àwọn ìpínlẹ̀ ni àbá káńsù ti kú, ẹ̀dà méjì ni n ó tẹ̀, ọ̀kan yóò lọ sọ́dọ̀ ọmọ wa tó wà nílé aṣòfin ní Ìlọrin, èmi fúnra mi ni yóò sì gbé e lọ.