Ta ló ti dé ọgbà ìrántí Roger Williams ní Providence, ìpínlẹ̀ Rhode Island l'Amẹ́ríkà? Ẹ wá sọ tiyín

Ìyá Àdùkẹ́: Ẹ káàárọ̀ o. À ń lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Providence lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọgbà tí wọ́n fi ń rántí Roger Williams, ẹni tó ní kí ìjọba yé dá sọ́rọ̀ ẹ̀sìn, ta ló ti débẹ̀?

Bàbá Láǹre: Ẹ ṣọ́ra, méjì ni wọ́n! Fóònù gbé èmi àtàwọn ọmọ lọ sí Roger Williams Park, níbi tí wọ́n ti ń wo ẹranko. Àgùnfọn la rí, a ò rí Roger. Èyí tẹ́ ẹ ń wí wà ní North Main Street, éékà 4 àbọ̀ péré.

Ọmọ Ṣágámù: 😂😂 Ẹ ò bi àgùnfọn?

Àǹtí Bísí: Koríko, igi àti ìjókòó ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹ wá ibi ìsun omi tí Roger tìtorí ẹ̀ tẹ̀dó ní 1636, lẹ́yìn tí àwọn ará Massachusetts lé e jáde. Òkúta ni wọ́n fi ṣe ẹnu kànga rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó, ewé gbígbẹ ni mo bá. Adájọ́ Hahn tó jẹ́ Júù ló fi ilẹ̀ ibẹ̀ tọrẹ nítorí bàbá rẹ̀.

Bàbá Láǹre: Ẹ ò tíì gbọ́ ti gbòǹgbò ápù! Wọ́n hú sàréè Roger ní 1860, wọn ò bá òkú. Gbòǹgbò ni wọ́n bá, ó tẹ̀ kọ́rọ́ bí orúnkún.

Ọmọ Ṣágámù: Irọ́! Igi jẹ èèyàn?

Àǹtí Bísí: Ti jíjẹ yẹn, ẹ máa jiyàn ẹ lọ. Gbòǹgbò wà ní John Brown House, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí kan ní Providence, mo fojú mi rí i.

Alhaji Kékeré: Roger kọ ọ́ ní 1644 pé kí wọ́n fi Júù àti Mùsùlùmí sílẹ̀ kí wọ́n máa sìn bó ṣe wù wọ́n. Nílé wa n'Íjẹ̀bú, bàbá ń kírun, màámi ń lọ Sẹ́lẹ́. Ta ló kọ́ wa?

Ìyá Àdùkẹ́: Oníṣẹ̀ṣe ilé yín ńkọ́, Alhaji? Ẹ jẹ́ kó bọ Ògún?

Alhaji Kékeré: 🙈 Bùọ̀dá bàbá mi nìyẹn. Ẹ̀yìnkùlé ló ti ń bọ ọ́.

Tólú: Ẹ má yìn ín jù. Canonicus àti Miantonomi, olórí àwọn Narragansett, ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ló fún un nílẹ̀. Nígbà ogun òyìnbó àtàwọn ọmọ onílẹ̀ ní 1676, Roger wà lára ìgbìmọ̀ tó ta àwọn ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n kó lógun sóko ẹrú.

Alhaji Kékeré: Háà. Èyí dùn mí.

Bàbá Láǹre: Wọ́n sun ilé tiẹ̀ náà nínú ogun yẹn o.

Tólú: Ìyẹn kọ́ ni kó ta èèyàn.

Ìyá Àdùkẹ́: Àǹtí Bísí, John Brown House yẹn, ṣé wọ́n ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà? Àwọn ọmọ ní gbòǹgbò làwọn fẹ́ wò.