Re: Re: "Atọ́ka" fún ajá ọdẹ ẹyẹ: ìka dà lára ajá?

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú àjọsọ. Mo ti pinnu pé mi ò ní dá sí ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ nígbà tí ọ̀gá wa tún kọ̀wé lánàá pé kí ẹni tí ò bá gba "atọ́ka" mú tiẹ̀ wá tàbí kó panu mọ́, ara mi ò gbà á mọ́.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé, ọ̀gá ń túmọ̀ ìtàn kan látinú ìwé ọdẹ Turgenev ará Rọ́ṣíà, èyí tó jáde lódindi ní 1852, wọ́n wá kó ọ̀rọ̀ tuntun mẹ́rin síwájú wa: "ajá ìbọn" fún gbogbo ajá tí wọ́n fi ń dẹ ẹyẹ, "atọ́ka" fún pointer, ajá tó máa ń dúró gbagidi tó bá ti gbóòórùn ẹyẹ, "agbéwá" fún retriever, èyí tó ń lọ gbé ẹyẹ tí ìbọn bá já bọ́ wá, àti "àkùkọ igi" fún woodcock, ẹyẹ inú igbó kan. Ẹ tún èyí tó kẹ́yìn yẹn kà, ẹ jọ̀ọ́. Àkùkọ igi. Nǹkan tí káfíńtà gbẹ́ lèmi kọ́kọ́ rò.

Ọ̀gá, ẹ má bínú sí mi o. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń kọ́ni ní Yorùbá kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀, ẹ sì ti rán wa létí ẹ̀ nínú íméèlì méjèèjì. Àmọ́ ìwé ọdẹ ẹyẹ, èmi náà ti ń kó wọn jọ ó ti pẹ́, ìyàwó mi á jẹ́rìí sí i, torí kò sí ibi téèyàn lè jókòó sí ní pálọ̀ wa mọ́, mo sì máa ń tún wọn kà nígbàkigbà tí òjò bá há mi mọ́lé. Bákan náà ni gbogbo àparò ń ga, ọ̀gá, ebè tí ẹ gùn yẹn la ń rí.

Ká kọ́kọ́ mú "ajá ìbọn". Ìbọn ò lájá, ọdẹ ló lajá. Ajá ọdẹ ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá ẹnikẹ́ni nínú wa, kí ló ṣe é tí a fi ń wá òmíràn? Fèrè ọdẹ tí ajá tó máa sọnù kì í gbọ́, ta ló ń fọn ún, ṣé ìbọn ni? Ẹnìkan tiẹ̀ tún dáhùn pé ká kúkú pè é ní "ajá Ògún", ṣebí Ògún ló ni irin. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ajá tí wọ́n bá ti lè pè ní ti Ògún, ṣé ẹ rò pé ó tún máa bá yín padà sílé ni? Àwọn èèyàn wa ní Kétu àti Pọ́bẹ̀ tí wọ́n gbọ́ Faransé tún máa gbọ́ "ajá ìbọn" sí nǹkan míì pátápátá, torí "chien", ajá yìí náà, ni Faransé ń pe irin ẹ̀yìn ìbọn téèyàn máa fi àtàǹpàkò fà sẹ́yìn kó tó yìn ín. Ẹ sì ń ṣọ́ àmì tí ẹ bá ń fi fóònù tẹ̀ ẹ́ o, ẹnìkan kọ "ajá ọ̀dẹ̀" síbí ní ìjẹta. Ó lè jẹ́ pé ó mọ ẹni tó ni ajá yẹn ju àwa lọ ṣá.

Ó wá ku "atọ́ka", òun gan-an ló gbé mi dìde. Ẹ jẹ́ ká tú u: a-, tọ́, ìka. Ìka ló wà nídìí ẹ̀, kò sí bí a ṣe fẹ́ fi ewé bò ó. Ta ló rí ajá tó nàka rí? Àbúrò wa kan tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ẹsẹ̀ iwájú tí ajá yẹn máa ń ká sókè nínú àwòrán ni ìka. Rárá o. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń ká a sókè, ibi tí òórùn ẹyẹ bá ká a mọ́ ló ti máa gan, bí ẹsẹ̀ kan bá wà lókè lásìkò yẹn ó di ẹsẹ̀ òkè nìyẹn, bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wà nílẹ̀ wọ́n wà nílẹ̀. Àwòrán ló pọ̀ jù lójú yín, ẹ ka ìwé.

Ohun tí ajá yìí ń ṣe rèé, gbogbo ìwé àtijọ́ ló ń sọ ọ́ lásọtúnsọ: á máa sá lọ sá bọ̀ níwájú ọdẹ, á gbé imú sókè sínú atẹ́gùn, lójijì á dúró gbagidi, ìrù á le, imú á kọjú síbi tí ẹyẹ wà. Ẹyẹ náà ò ní fò, torí àwọ̀ ara ẹ̀ ló gbójú lé, á lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ nínú koríko, á ní wọn ò rí òun. Àwọn méjèèjì á wá máa dúró de ara wọn títí ọdẹ á fi rọra rìn dé, á kọjá níwájú ajá, á lé ẹyẹ dìde fúnra ẹ̀, á sì yìnbọn fún un lókè. Ní ilẹ̀ New England ní Amẹ́ríkà, tí Burton Spiller fi kọ Grouse Feathers, ìwé tó jáde ní 1935, igbó dí débi pé ojú ọdẹ kì í tó ajá, agogo kékeré ni wọ́n máa ń so mọ́ ọn lọ́rùn. Bí agogo bá ń dún, ajá ṣì ń wá. Bí agogo bá dákẹ́, ẹ yára, ó ti rí i. Ibo ni ìka wà nínú gbogbo èyí?

Ẹ tún wo àwọn tí ajá yìí jẹ́ tiwọn. Faransé ní chien d'arrêt, ajá ìdúró. Jámánì ní Vorstehhund, èyí tó ń dúró síwájú. Rọ́ṣíà ní legavaya, látinú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún kéèyàn dùbúlẹ̀, legavaya yìí ló sì wà nínú ìwé tí ọ̀gá ń túmọ̀ gan-an! Ẹ ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀gá, ẹ ò tíì dé ọ̀dọ̀ Turgenev, ká má tiẹ̀ sọ ọ̀dọ̀ ajá.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa fa John Caius yọ, kí n yáa fà á yọ fúnra mi. Dókítà ará Ìlú Ọba ni, ó fi Látìn kọ ìwé kan lórí ajá ilẹ̀ wọn ní 1570, Abraham Fleming sì sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì ní 1576. Nínú ìwé yẹn, ajá kan wà tó pè ní Index. Ẹ rí i, atọ́ka gan-an, irú èyí tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé! Àmọ́ ajá wo ló sọ bẹ́ẹ̀? Setter ni, èyí tó máa ń fi àyà balẹ̀ tó bá ti gbọ́ òórùn ẹyẹ. Nígbà yẹn ìyìnbọn fún ẹyẹ lókè ò tíì wọ́pọ̀, àwọ̀n ni wọ́n ń lò, ajá á dùbúlẹ̀, wọ́n á wá fa àwọ̀n kọjá lórí tòun tẹyẹ. Caius fún setter lórúkọ tí ọ̀gá fún pointer. Index ti Látìn yẹn ò sì ní ìka nínú, sísọ àti fífi hàn ló wà nídìí ẹ̀, àwa la ki ìka bọ tiwa. Ní ti pointer fúnra ẹ̀, ẹ lọ wo ìwé ńlá tí William Arkwright ṣe lórí ẹ̀ ní 1902, ó tọ ìlà ìran ajá yẹn padà sí Sípéènì.

Fún àwa tá a dàgbà díẹ̀ sì rèé, Atọ́ka ti lórúkọ ẹlòmíì lára. Ìwé àwòrán eré àwọn onítíátà wa ni, tí wọ́n máa ń to fọ́tò tẹ̀lé ara wọn bíi sinimá, tí ìyá mi máa ń fi pa mọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí kí àwa ọmọ má ya á. Ẹ má fi ajá rọ́pò ẹ̀ lọ́kàn mi.

Tèmi rèé: ajá adúródẹyẹ. Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jà lórí àmì ẹ̀ láti àná tí mo sọ ọ́ lẹ́bàá kan lásán. Ẹnìkan ní "adúródẹ̀yẹ" ni, torí dúró dè ni, ohùn ìsàlẹ̀. Ó dáa, a gbọ́ pé "dúró dè mí" ni, ṣé "dúró dè Òjó" lẹ máa ń wí nílé yín? Dúró de Òjó ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ tó bá pàdé orúkọ níwájú, ohùn àárín ló máa bọ́ sí, ìyá tí ò kàwé rí ò ní ṣì í. De ẹyẹ, dẹyẹ. Bí ẹlòmíì bá sì gbọ́ dẹ ẹyẹ nínú ẹ̀, dídẹ tí ọdẹ ń dẹ, èrè lórí èrè nìyẹn. Fún setter mo ní "abamọ́lẹ̀", ẹnìkan wá ń yọ ṣùtì pé etí òun gbọ́ àbámọ̀. Kó lọ fọ etí ẹ̀.

"Agbéwá" ò burú jù, àmọ́ ẹyẹ tó ti já bọ́, híhe là ń he é. Gbé ti ní ẹ̀sùn lọ́rùn, ẹ wo gbéwiri, ẹ wo gbọ́mọgbọ́mọ. Golden retriever, ajá tí Lord Tweedmouth bẹ̀rẹ̀ ìran ẹ̀ ní Guisachan ní Skọ́tíláǹdì ní 1868, tí wọ́n kọ́ débi pé ó lè fi ẹnu gbé ẹyẹ bọ̀ kí ìyẹ́ má tiẹ̀ tú, ẹ fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ tó fẹ́ jọ tolè. Mi ò bá wọn jà lórí èyí ṣá, ẹ máa lò ó.

Ẹni tó ní Yorùbá kì í dẹ ẹyẹ rárá, pé ọmọdé ló ń fi kànnàkànnà àti àtè ṣe é, ẹ̀gbẹ́ kan òótọ́ ló sọ. Bàbá bàbá mi, ọdẹ ni wọ́n, wọn kì í fi ẹ̀tù ṣòfò lórí àdàbà. Tanímọ̀la ajá wọn, lílé ló mọ̀, ọ̀yà ló ń lé, ká ní ó dúró gbagidi níwájú ẹran, igi ni wọn ì bá fi bá a sọ̀rọ̀. Wọn ò sì lórúkọ kankan fún irú ajá, iṣẹ́ tó bá ń ṣe lọ́wọ́ ni wọ́n máa ń sọ: ó ti gbóòórùn, ó ti lé e, ó ti mú un. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ajá lórúkọ, mi ò kọ́ ọ ní kíláàsì ẹnikẹ́ni. Àmọ́ àparò àti ẹtù tó bá wọ oko ńkọ́? Wọ́n ń yìnbọn fún wọn. Ọdẹ lè fi ẹ̀tù pa ẹtù kó sì jẹ́ kí ẹtu sá lọ, ẹni tí ò bá lè ka gbólóhùn yẹn sókè kó má dá sọ́rọ̀ yìí mọ́. Bíbélì wa gan-an, nígbà tí ẹyẹ bo àgọ́ Ísírẹ́lì ní Ẹ́kísódù orí 16, àparò ló pè é, nínú Bíbélì àtijọ́ tó ń kọ "ẹiyẹ". Ẹiyẹ tún dáa lójú ju ẹyẹ lọ, ohun tí ẹnikẹ́ni ì báà sọ, àmọ́ mi ò ní wọ ìjà yẹn lónìí.

Ní ti "àkùkọ igi", ẹ wo ohun tí Turgenev fúnra ẹ̀ ṣe. Nínú ìtàn Yermolai àti ìyàwó ọlọ́lọ, ó dé ibi tí wọ́n ti ń lọ dúró de woodcock nínú igbó ní ìrọ̀lẹ́, ó lo ọ̀rọ̀ tí àwọn ọdẹ ń lò fún un, tyaga, ó wá mọ̀ pé òǹkàwé lè má mọ̀ ọ́n. Ó dúró, ó ní ẹ gbọ́, ó ṣàlàyé ẹ̀ láti ìgbà tí oòrùn bá ti ń wọ̀ títí ẹyẹ fi yọ lókè igi. Ó fi ọ̀rọ̀ àwọn ọdẹ sílẹ̀ bó ṣe wà. Orúkọ ẹyẹ yẹn lẹ́nu Rọ́ṣíà, val'dshnep, ọ̀dọ̀ Jámánì ni wọ́n ti yá a, kò sì pa wọ́n. Ẹ kọ wúdíkọ́ọ̀kù, kẹ́ ẹ sọ fún wa pé ẹnu ẹ̀ gùn, ó ń fi í wá ekòló nínú ẹrẹ̀, ó parí. Ìtàn yẹn kan náà ni Yermolai ti ní òun ò lè máa bọ́ ajá, pé ajá gbọ́n, kó lọ wá oúnjẹ ara ẹ̀, gbogbo ìgbà tí mo bá kà á ni mo ń rí ojú bàbá bàbá mi.

Ìkan tó kù: ìmọ̀ràn pé bí a bá dé orí De Shootinest Gent'man tí Nash Buckingham ará Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1934, ká fi Ìjẹ̀ṣà kọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ń sọ ìtàn yẹn. Èmi ò fara mọ́ ọn. Òyìnbó ló fi irú Gẹ̀ẹ́sì tí ọkùnrin yẹn ń sọ sí i lẹ́nu, àwọn aláwọ̀ dúdú ló ń tọ́jú ajá tí wọ́n sì ń ru ẹrù nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, wọ́n mọ ẹyẹ ju ọ̀gá wọn lọ, ìwé á tún fi ẹnu wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ wá fẹ́ kó ara Iléṣà sínú ẹ̀, ṣé kí ará Ìbàdàn lè rí ẹni rẹ́rìn-ín? Mo mọ̀ pé ẹni tó mú ìmọ̀ràn yẹn wá máa fèsì, mo ń dúró dè é.

Ọ̀gá, ẹ yọ àkùkọ igi yẹn kúrò nínú àtẹ yín kí àwọn ọmọ yunifásítì tó dà á kọ. Ẹ̀dà ìwé Aksakov, ará Rọ́ṣíà míì, lórí ọdẹ ẹyẹ Orenburg, tòun náà jáde ní 1852, yíyá ni mo yá èyí tí mo kà lédè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ti gbà á padà. Ẹni tó bá ní èyí tó fẹ́ tà kó kọ̀wé sí èmi ní tààrà, kó má fi han ọ̀gá.