Ọ̀pá jíà kékeré tó gan: ó ti yanjú o

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ará. Ọ̀pá jíà kékeré jíìpù mi tí kò wọ 4H mọ́ (ìyẹn ipò tó ń so táyà iwájú pọ̀ mọ́ ti ẹ̀yìn, kí ẹ́ńjìnnì lè máa yí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin), tí mo tìtorí ẹ̀ bi yín, ti ń ṣiṣẹ́. Gíábọ́ọ̀sì kò ní àrùn kankan. Oríkèé irin abẹ́ ọ̀pá náà ló dógùn-ún. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ Lẹ́kí kì í ṣàánú irin. Mẹkáníìkì fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, ó rọ ọ́ìlì sí i mọ́jú, omi pupa ń kán sílẹ̀, ó wá fi gírísì kùn ún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi tiyín sí 4H lóṣooṣù, kí ẹ wà á díẹ̀. Orí yanrìn ni o! Lórí ọ̀dà gbígbẹ, táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn kì í yí bákan náà ní kọ́nà, bí 4H bá wá so wọ́n pọ̀, irin tó ń yí táyà á máa lọ́ mọ́ra.

Mi ò ní ìbéèrè mọ́.